Kókó Ọrùn àti Ibà: Bí Lílo Agbára Ara fún Ìwòsàn Jẹjẹrẹ Ṣe Bẹ̀rẹ̀



Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Iṣẹ́ ìtàn ni mo ń ṣe, ìbéèrè òpìtàn ni mo sì gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Bí ẹnì kan bá rí òtítọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dá àwọn tí kò gbà á gbọ́ lẹ́bi? Ìtàn ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní oṣù kìíní ọdún 1891, ọmọbìnrin kan kú. Jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọwọ́ ni ó pa á, bí wọ́n tilẹ̀ ti gé apá náà. Oníṣẹ́ abẹ tí ó tọ́jú rẹ̀, William Coley, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ikú yìí sì dùn ún wọ egungun. Ó lọ jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ó ń tú u wò. Níbẹ̀ ni ó ti ka ọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí kókó jẹjẹrẹ yọ sí lọ́rùn. Wọ́n gé e títí, ó ń hù padà. Lẹ́yìn náà ni àrùn erysipelas, èyí tí í mú kí awọ ara pọ́n kí ó sì gbóná bí iná, wọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ibà náà lọ, kókó náà bá a lọ. Ó ti tó nǹkan bí ọdún méje tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Coley kò fi mọ sí kíkà; ó jáde, ó ń wá ọkùnrin náà láti ilé dé ilé ní àdúgbò àwọn tálákà, títí ó fi rí i láàyè, pẹ̀lú àpá lọ́rùn. Lójú tèmi, wíwá tí ó wá a yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo abẹ́rẹ́ tí ó gún lẹ́yìn náà lọ. Iṣẹ́ òpìtàn ni ó ṣe lọ́jọ́ náà.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn kan ti ṣáájú rẹ̀. Wilhelm Busch ti rí irú nǹkan báyìí ní ìlú Bonn ní ọdún 1868, Friedrich Fehleisen náà sì ti dá kòkòrò tí í fa àrùn náà mọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1891 kan náà, ọkùnrin ará Ítálì kan dé ọ̀dọ̀ Coley. Kókó wà lọ́rùn rẹ̀, òmíràn sì dí i lọ́fun tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni oúnjẹ fi ń kọjá. Coley gún un ní abẹ́rẹ́ kòkòrò àrùn náà. Àrùn náà kò mú un. Ó ń tún un gún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí ó rí kòkòrò tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ gbà láti Jámánì ní oṣù kẹwàá, ibà dé lóòótọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀mí ọkùnrin náà lọ. Ṣùgbọ́n kókó ọrùn náà rọ̀, ó tú, ó sì parẹ́. Ti ọ̀fun kò tán. Ó kàn dúró sójú kan. Ọkùnrin náà lo ju ọdún mẹ́jọ lọ láyé lẹ́yìn èyí.

Àwọn mìíràn kò ṣe oríire bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà pa àwọn kan, èyí ni ó mú kí Coley yí padà sí lílo òkú kòkòrò. James Ewing, ẹni tí òun àti Coley jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Memorial, kò gba ọ̀nà náà gbọ́. Ìtànṣán radium ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn kan a máa pe Ewing ní olóríkunkun. N kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Oògùn Coley kò rí bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí ń pò ó. Ó ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan, ó kọ̀ lára ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n wà lẹ́yìn Ewing. Ohun tí kò dára ni pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà tì pátápátá. Coley kú ní ọdún 1936. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Helen Coley Nauts, tí kì í ṣe dókítà, ni ó kó àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ jọ, tí ó sì wà lára àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ Cancer Research Institute sílẹ̀ ní ọdún 1953.

Àlàyé tí Coley kò ní pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún 1992 ni àwọn tí ń bá Tasuku Honjo ṣiṣẹ́ ní Kyoto rí PD-1. Ẹ jẹ́ kí a fi sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ wé ọlọ́dẹ. Ìjánu wà lẹ́nu ọlọ́dẹ yìí, kí ó má baà bu onílé jẹ. PD-1 jẹ́ ọ̀kan nínú ìjánu náà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa na ọwọ́ tí à ń pè ní PD-L1 jáde, a sì fa ìjánu náà. Ọlọ́dẹ a dúró, a máa wo olè níran. James Allison ní Amẹ́ríkà ti fi hàn lára eku ní ọdún 1996 pé bí a bá tú ìjánu mìíràn, CTLA-4, ara lè pa kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2018.

Ọ̀nà kejì kò gba ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ. EGFR dúró lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì, ó ń gba àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i. Ó sì máa ń pọ̀ rékọjá ààlà nínú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Oògùn cetuximab ni ó ń dí i lẹ́nu. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ìdajì àwọn tí a fún ní oògùn yìí pẹ̀lú ìtànṣán lo ju oṣù 49 lọ láyé. Oṣù 29 ni fún àwọn tí ó gba ìtànṣán nìkan.

Ní ọdún 2016 ni oògùn tí ń tú ìjánu PD-1 dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Irú jẹjẹrẹ tiwọn yàtọ̀ sí ti ará Ítálì náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Nínú ìwádìí kan lórí aláìsàn 361 tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́, àwọn tí a fún ní nivolumab lo oṣù 7.5 ní ìdajì wọn, àwọn yòókù lo oṣù 5.1. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí 13 péré ni kókó wọn sún kì. Ó ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan, ó kọ̀ lára ẹlòmíràn: ẹjọ́ tí Ewing rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí a lè kà á, a sì lè wo PD-L1 lára kókó kí a tó gún abẹ́rẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fún àwọn tí kókó wọn ní PD-L1 ní pembrolizumab kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n, kí a sì máa fún wọn lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.