Ìwádìí Ikú Peter Adéníyì Thomas

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ Èkó kan wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Peter Adéníyì Thomas ni, ọmọ Peter J. C. Thomas, oníṣòwò pàtàkì tí í ṣe Sàró, àti arákùnrin Stella Thomas tí ó di májísíréètì ní 1943, àkọ́kọ́ nínú àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun náà ni ẹni àkọ́kọ́ láti ẹkùn wa tí a fi joyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ náà, ní 1942. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kí ó parí, jàm̀bá ọkọ̀ òfurufú pa á.

Ẹbí tí ó bá ń wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀ yóò dé Kew, ní London, níbi tí ìwé ìjọba wà ní ìpamọ́. Ìwé a máa sọ irú ọkọ̀, ọjọ́, àti ohun tí ó fa jàm̀bá. Ṣùgbọ́n àwọn Thomas pọ̀ bí iyanrìn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bí akọ̀wé bá sì kọ “A.” péré dípò Adéníyì, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ wa ni? Nítorí náà, lójú tèmi, ìwé ìrìbọmi ìjọ àti ẹnu àwọn àgbà ni kí a kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Àjọ tí ń tọ́jú ibojì ọmọ ogun a máa kọ orúkọ òbí pẹ̀lú, bí ẹbí bá ti fi í ránṣẹ́ lẹ́yìn ogun. Níbi tí ẹbí kò bá fèsì, òfìfo ni wọ́n fi sílẹ̀.