Nígbà Tí A Ń Se Ìtọ̀ Aboyún Lórí Iná

Agbẹ̀bí ni mí, agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù. Ìbejì kò ṣàjèjì sí wa: láàárín àwọn ọdún 1960, Dókítà Percy Nylander rí i ní Igbó-Ọrà pé nínú 1,000 ìbímọ, bíi 45 ló jẹ́ ìbejì. Ṣùgbọ́n oyún ìbejì a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru ju oyún ọmọ kan lọ, ìparí oyún ló sì sábà máa ń fojú hàn.

Bí ẹsẹ̀ bá wú, ìyá ọkọ á ní, “Ẹrù ìbejì ni.” Àwa á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun aboyún náà, bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, a ó gba ìtọ̀, a ó sè é nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ lórí iná. Bó bá dì bí funfun ẹyin, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà nìyẹn. “Ìyá ìbejì, ẹ ò ní sùnlé lónìí o.”

Ayinke House tí Mobolaji Bank-Anthony kọ́ sí Ìkẹjà la máa ń kó wọn lọ. Ọ̀nà ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kí ìjọba tó kó àwọn ìsọ̀ kúrò lójú títì Òṣòdì ní oṣù Kìíní 2009, gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà lè mú aboyún nínú ọkọ̀ tí kò rọ́nà lọ.

Ní 2002, ìwádìí Magpie, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín ewu gìrì náà kù ní ìlàjì. Abẹ́rẹ́ tí kò wọ́n!

Ẹ̀yin tí ẹ lóyún ìbejì, bí orí bá ń fọ́ yín, tí ojú ń ṣú, tàbí tí òkè ikùn ń dùn yín, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lóru náà.