Èlú, Ẹfun àti Sányán: Àwọ̀ Tí Kò Ba Ilẹ̀ Jẹ́ Nínú Ọ̀ṣọ́ Ilé àti Aṣọ

Ewé èlú kò ní àwọ̀ búlúù kankan lójú, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni dúdú aṣọ ẹtù ti wá. Lonchocarpus cyanescens ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ti ń pè é tipẹ́. Àwọn aláró a já ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, wọn a gún un lódó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ìṣù gbígbẹ yìí ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà.

Inú ìkòkò ni iṣẹ́ gan-an wà. Wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọ́n á gbé e lé òmíràn lórí, wọ́n á wá da omi sí i kí ó máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí fún bí ọjọ́ 5 sí 7. Láàárín àkókò náà, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí yóò sọ àwọ̀ tí kì í yòrò nínú omi di èyí tó lè wọnú òwú. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde, bí ewé tútù ni yóò rí. Atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Bí wọ́n bá ṣe ń rì í léraléra tó ni yóò ṣe dúdú tó. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni èyí, ọwọ́ àwọn obìnrin ló sì wà, lábẹ́ ààbò Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, aró òyìnbó àti sódà ti wọ Abẹ́òkúta. Sódà gba ipò omi eérú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì di kíá. Àmọ́ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ya, pé àwọ̀ ń ṣí. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de èròjà tuntun wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1930, àwọn aláró kò sì gbà; ọ̀rọ̀ náà di fàá-kája láàárín ààfin àti àwọn obìnrin náà. Òpìtàn Judith Byfield tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, The Bluest Hands, tó jáde ní 2002. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn aláró. Eérú kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́, igi ló ń jẹ, owó àdìrẹ sì ti já wálẹ̀ lásìkò náà nítorí ọrọ̀ ajé àgbáyé tó dẹnu kọlẹ̀.

Ẹni tó bá dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí yóò rí àwọ̀ tó ń tàn yanran lórí gínì àti tẹ́rù. Ẹwà wọn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kẹ́míkà ni wọ́n fi pa á láró, omi tí wọ́n lò tán sì sábà máa ń gba ojú gọ́tà lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ jẹ́ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí ọwọ́ aláró kò kàn rí. Pípè tí a ń pe aṣọ ní àdìrẹ kò tó ẹ̀rí pé kò ba ilẹ̀ jẹ́.

Ògiri náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ojúbọ Òrìṣàìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri pẹ̀lú ẹfun, ilẹ̀ pupa àti dúdú. Ayàwòrán Moyọ̀ Okediji kọ́ lọ́wọ́ wọn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán Ọnà ní Ifẹ̀ sì mú àwọ̀ inú ilẹ̀ wọnú iṣẹ́ ọnà òde òní; Bọ́lájí Campbell náà kọ odindi ìwé lórí àwòrán ojúbọ ní 2008. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Tiébélé, ní Burkina Faso, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mọ ilé tí àwọn obìnrin sì ń ya àwòrán sára rẹ̀. Èèpo èso igi irú ni wọ́n ń sè, omi rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ra ògiri kí òjò má baà tètè fọ àwọ̀ náà dànù. Ní 2024, UNESCO fi ààfin Tiébélé sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní àgbáyé.

Ṣé ọ̀rọ̀ aró àti àwọ̀ yìí kan yàrá ìgbàlejò? Ó kàn án gan-an ni! Aṣọ inú ilé kì í rí omi àti ọṣẹ tó aṣọ ìwọ̀lé-wọ̀de, nítorí náà aró ewé yóò pẹ́ lára rẹ̀. Aró èlú kì í tètè ṣá lóòrùn, ó sì yẹ aṣọ fèrèsé. Àwọ̀ ofeefee tó wá láti ara àtalẹ̀ pupa kò rí bẹ́ẹ̀: oòrùn máa ń jẹ ẹ́ kíákíá, kí wọ́n fi í sí tìmùtìmù tó jìnnà sí fèrèsé. Aró tó dúdú gan-an lè ra aṣọ funfun, kí wọ́n ṣàn án dáadáa kí wọ́n tó fi bo àga. Sányán ní tirẹ̀ kò nílò aró rárá. Láti ara ilé tí kòkòrò kan hun sórí igi ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ sì tutù lójú ju ọ̀pọ̀ ọ̀dà lọ. Ẹní àti ọparun wà nítòsí pẹ̀lú, síbẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì oníke ni ọ̀pọ̀ ilé ń rà.

Láti 1983 ni oníṣẹ́ ọnà Nike Davies-Okundaye ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aró dídá àti iṣẹ́ ọnà mìíràn. Irú rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì wa gbin èlú sínú ọgbà, kí wọ́n sì dán eérú èèpo kòkó wò, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti ń lò tipẹ́, kí wọ́n má baà máa gé igi tuntun. Kí ẹni tó ń ra aṣọ ilé pẹ̀lú bi olùtajà léèrè ohun tí wọ́n fi pa á láró, irú òwú tí wọ́n fi hun ún, àti ibi tí omi aró náà ṣàn gbà.