Lagan College ní Belfast: Ẹ̀kọ́ Àlàáfíà fún Ọmọdé ní Àárín Ìjà, 1981 sí 2022

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, ọmọ 28 péré ni ó jókòó sínú gbọ̀ngàn kan tí àwọn ẹgbẹ́ Síkáòtù ń lò ní ẹ̀bá ìlú Belfast, ní Àríwá Ìrẹ́láńdì, láti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó ń jẹ́ Lagan College. Ọmọ ìjọ Àgùdà wà nínú wọn, ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìlú mìíràn, ẹnikẹ́ni kì bá tí kà á sí. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ọdún náà gan-an ni ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá kọ oúnjẹ títí wọ́n fi kú ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Maze, ìkọ̀ oúnjẹ náà kò sì tíì dópin nígbà tí ilé ìwé yìí ṣílẹ̀kùn. Ìgboro gbóná janjan. Òbí tí ó bá rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ ohun tí òun ń fi wewu.

Èrò pé kí ọmọ ìjọ méjèèjì jùmọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe tuntun. Ní 1831, Lord Stanley gbé ètò ilé ìwé orílẹ̀-èdè kalẹ̀ fún Ìrẹ́láńdì, pé kí wọn jọ kọ́ ìwé, kí wọn sì kọ́ ẹ̀sìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìjọ pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lord Londonderry tún gbìyànjú pẹ̀lú òfin 1923. Àgùdà kọ̀ ọ́, Pùròtẹ́sítáǹtì náà kọ̀ ọ́, bóyá ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò lórí rẹ̀ láyé ìgbà náà. Lẹ́yìn àtúnṣe 1925 àti 1930, ilé ìwé ìjọba di ti Pùròtẹ́sítáǹtì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò pè é bẹ́ẹ̀, Àgùdà sì di tirẹ̀ mú.

Ohun tí èyí bí ni pé ọmọ a máa dàgbà láìmọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti bọ́ọ̀lù rugby ní apá kan. Ìtàn Ìrẹ́láńdì, èdè Irish àti bọ́ọ̀lù Gaelic ní apá kejì. Bí ẹnìkan bá dárúkọ ọdún 1916, ọ̀tẹ̀ ọjọ́ Àjíǹde ní Dublin ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọmọ kan. Èkejì yóò rántí àwọn ọmọ ogun Ulster tí wọ́n ṣubú ní Somme. Ọdún kan náà, òkú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò tọ́ láti sọ pé ilé ìwé ni ó dá ìjà sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ìbò, iṣẹ́ àti ilé gbígbé ni ó bu epo síná tí ó ràn láti 1968, tí nǹkan bí 3,500 ènìyàn sì bá a lọ kí ó tó di 1998. Ilé ìwé kàn ń pa ìgbójú-àjèjì-wo-ara-ẹni mọ́ ni.

Àwọn òbí ni ó ṣí ọ̀nà. Bíṣọ́ọ̀bù Philbin ti ìjọ Àgùdà kò gbà kí wọn ṣe ìsìn ìfẹsẹ̀múlẹ̀ fún ọmọ Àgùdà tí ó bá lọ sí ilé ìwé ìjọba. Láti inú ẹ̀dùn àwọn ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ All Children Together ti jáde ní 1974. Lord Dunleath bá wọn gba òfin kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin London ní 1978, pé ilé ìwé tí ó bá fẹ́ lè yí padà di ti gbogbo ìjọ. Nígbà tí ó fi di 1981, òfin náà ṣì wà lórí ìwé lásán. Nígbà náà ni àwọn òbí dá tiwọn sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, títí di 1984 tí ìjọba fi tẹ́wọ́ gbà á.

Ní Lagan, ẹ̀kọ́ àlàáfíà wà nínú ìṣètò ojoojúmọ́: kí apá kan má ṣe pọ̀ jù débi tí èkejì yóò di àlejò, kí olùkọ́ wá láti ìjọ méjèèjì, kí ọmọ Àgùdà sì rí ìmúrasílẹ̀ fún ìsìn rẹ̀ gbà níbẹ̀. Ìpinnu yìí ni ó mú òbí fọkàn balẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Àwọn alátakò ní ẹjọ́ kan tí ó yẹ ní gbígbọ́: pé apá gúúsù ìlú ni Lagan wà, níbi tí ìjà kò ti le tó ti ibòmíràn. Ìdáhùn wọn wá ní 1985, nígbà tí a dá Hazelwood sílẹ̀ ní àríwá Belfast, níbi tí ìpànìyàn ti pọ̀ gidigidi. Òfin 1989 fi dandan lé e pé kí ìjọba ran irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àdéhùn 1998 dárúkọ rẹ̀, òfin mìíràn sì tún tẹ̀ lé e ní 2022. Ọmọ tí ó wà ní Lagan nìkan ti ju 1,000 lọ báyìí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọmọ ilé ìwé Àríwá Ìrẹ́láńdì, àwọn tí ó wà ní ilé ìwé àjùmọ̀lọ yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.