Ọjọ́ Tí Ọmọ Ilé-Ìwé Pàtẹ Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní yinniyinni kí ẹni ṣe mìíràn. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú yẹ ní yíyìn. Ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére kì í déédéé mú ọ̀bẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín ère. Ìdí ọnà lílé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń gé igi sí ìrísí ohun tí a fẹ́ gbẹ́. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sí àlétúnlé, tí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ère yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ó tó wá kan fínfín. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gún nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un lójú ẹbí àti ará, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó lọ dá dúró. Ayẹyẹ òmìnira yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu nìkan. Ẹ̀rí ni níwájú ìlú pé a lè gbé iṣẹ́ fún ẹni yìí, kí ó sì ṣe é ní orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé òyìnbó dé, ìwé kíkà, ìṣirò àti Bíbélì ni ó gba ipò iwájú. Ọnà kò rí àga jókòó sí. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn ajíhìnrere, ère gbígbẹ́ kò yàtọ̀ sí ìbọ̀rìṣà. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn amúnisìn, ènìyàn dúdú kò tilẹ̀ lè ya àwòrán tí yóò jọ ènìyàn. Báwo ni a ó ṣe já irú irọ́ bẹ́ẹ̀? Àríyànjiyàn kò lè já a. Iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò já a.

Àìná Ọnàbólú mọ èyí. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní 1882. Kò ní olùkọ́ kankan nígbà èwe rẹ̀. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó máa ń wò tí ó sì ń dà kọ. Ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ Èkó, ó sì ya á débi pé a mọ ẹni tí ó yà. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà ní àkọ́yanjú. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, kò jókòó sílé kí ó máa jẹ oyin orúkọ rẹ̀. Ilé-ìwé dé ilé-ìwé ni ó ń rìn ní Èkó, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà. Bí ohun tí ó jìnnà ṣe máa ń kéré lójú ni ó tẹnu mọ́ jù, débi pé àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Perspective. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó rọ ìjọba láti wá olùkọ́ mìíràn kún un.

Báyìí ni Kenneth Murray ṣe dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ẹni tí Ọnàbólú pè wá kò gba ọ̀nà tí Ọnàbólú ń tọ̀. Ní ti Ọnàbólú, kí ọmọ adúláwọ̀ kọ́ ọgbọ́n òyìnbó ní àkọ́yanjú, kí ẹnu lè pa mọ́ ẹlẹ́gàn. Ní ti Murray, kí ọmọ náà gbójú sí ọjà, oko àti iṣẹ́ ọnà àwọn baba rẹ̀, kí ó má sin òyìnbó jẹ. Ní 1937, Murray kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pàtẹ wọn fún gbogbo ayé wò. Ben Enwonwu, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Umuahia, wà lára wọn. Ogún ọdún péré lẹ́yìn ìpàtẹ yìí, ní 1957, Enwonwu yìí kan náà ni Ọbabìnrin Elizabeth jókòó fún kí ó lè mọ ère rẹ̀.

Ó yẹ kí a yin àwọn olùkọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ni a ṣì ń gbọ́. Ọ̀kan fi iṣẹ́ ọmọ hàn pé adúláwọ̀ lè ṣe bí òyìnbó. Èkejì fi í hàn pé adúláwọ̀ gbọ́dọ̀ wà bí adúláwọ̀. Ọmọ tí ó di kànìǹkànìn mú ń kọ́? Kò tíì sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ.

Zaria ni ìdáhùn ti wá. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí ó wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ òyìnbó ń fi ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ní oṣù kẹwàá 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀: Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo, Simon Okeke àti àwọn mìíràn. Wọn kò kọ ẹ̀kọ́ kíláàsì sílẹ̀. Lẹ́yìn àkókò kíláàsì ni wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí àlọ́, ìtàn àti ọnà ilẹ̀ tí olúkúlùkù ti wá. Ní 1960, Uche Okeke kọ èrò náà sílẹ̀ pé kí a mú ohun tí ó dára nínú ti ilé, kí a mú ohun tí ó dára nínú ti àjèjì, kí a sì pa wọ́n pọ̀ bí ọkàn ẹni bá ti darí, láìsí ìpá. Ìjà Ọnàbólú àti Murray ni àwọn ọmọ yìí parí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, nígbà ayẹyẹ òmìnira Nàìjíríà, a pàtẹ iṣẹ́ díẹ̀ lára wọn ní Èkó. Òmìnira orílẹ̀-èdè àti òmìnira ọmọ-iṣẹ́ wá bọ́ sí ọjọ́ kan náà.

Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1961, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò tán. Grillo ya àwọn obìnrin onígèlè àti àwọn onílù wa ní àwọ̀ búlúù tí a fi mọ̀ ọ́n, ó sì darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yábàá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Onobrakpeya padà sí kíláàsì, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní St. Gregory's College ní Èkó láti 1963 títí di 1980. Nwoko kọ́ ilé ìsìn àwọn Dòmíníkà ní Ìbàdàn. Ní 2023, a fi ẹ̀bùn ńlá dá a lọ́lá ní Venice fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ rántí èyí ní ọjọ́ ìfẹ̀bùn-dánilọ́lá ilé-ìwé yín. A máa ń fi àwòrán ọmọ ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ fún àlejò, a ó pàtẹ́wọ́, a ó jẹ ìrẹsì, a ó sì já àwòrán náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyìn ni, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹ̀rí. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni ó rí tí ó fi yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Ọ̀gá agbẹ́gilére mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá yin ọmọ-iṣẹ́ ni ọjọ́ tí ó yẹ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀.