Ìdarí Gíga Tọ́ọ̀ṣì Lórí Tábìlì Pílásímà

Ìdarí gíga tọ́ọ̀ṣì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní THC, ni ẹ̀rọ tó máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì pílásímà sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àlàfo tó wà láàrin ẹnu tọ́ọ̀ṣì àti irin má baà yí padà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Orí tábìlì CNC, ìyẹn tábìlì tí kọ̀ǹpútà ń darí, ni wọ́n ti ń lò ó. Inú àwòrán tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà ló ti mọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì yóò gbà lọ. Àwòrán náà kò lè sọ fún un bóyá irin wú níbì kan tàbí ó tẹ̀ níbòmíràn. Iṣẹ́ THC ni láti mọ ìyẹn.

Ìdí tí gíga fi ṣe kókó

Pílásímà ni afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná ti mú gbóná kọjá 20,000 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, débi pé iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń yọ́ irin, ó sì ń fẹ́ èyí tó yọ́ jáde lábẹ́. Àlàfo tó yẹ kó wà láàrin tọ́ọ̀ṣì àti irin kò tó nǹkan: ìwé ẹ̀rọ Powermax45 tí ilé-iṣẹ́ Hypertherm ṣe ní kó jẹ́ 1.5 mm nígbà tí wọ́n bá ń fi 45 áńpù gé irin. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí irin á dagun, ìdàrọ́ á sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, wẹ́dà á wá padà gbé fáìlìn láti fi yọ ọ́. Bó bá sì sún mọ́ irin jù, iná á gba ara nọ́sù tó wà lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì kọjá, nọ́sù á bàjẹ́ kíá.

Irin tí wọ́n ń rà ní Owódé Onírin l'Ékòó, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó wá sí Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́ àti Èmùré, kì í sábà tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Kódà èyí tó tẹ́ tẹ́lẹ̀, irú èyí tó nípọn 3 mm tí wọ́n fi ń ṣe agbada gàrí àti ẹnu ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ooru á mú kó gbéra sókè bí gígé bá ti ń lọ. Níbi tí tọ́ọ̀ṣì kò ti mọ̀ pé irin gbéra, wọ́n á fara kanra.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Kí iná tó tàn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ojú irin wà. Tọ́ọ̀ṣì á rọra sọ̀kalẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kan irin. Ọ̀nà méjì ni ó sábà ń gbà mọ̀ pé ó ti kàn án. Èkíní ni iná kékeré tó ń gba ẹnu tọ́ọ̀ṣì wọ inú irin; èyí péye, ṣùgbọ́n ìpẹtà, ọ̀dà, epo tàbí omi lójú irin lè dí i lọ́wọ́. Èkejì ni súwíìṣì tí ìwúwo tọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀. Súwíìṣì kò bìkítà fún ìpẹtà, àmọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa tẹ̀ wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, a sì tún ta padà sókè, àlàfo náà á wá dín kù ju bó ṣe yẹ lọ. Tábìlì tó dára máa ń ní méjèèjì, kí èkejì gba iṣẹ́ ṣe nígbà tí èkíní bá kùnà.

Lẹ́yìn èyí, tọ́ọ̀ṣì á gòkè sí gíga ìdálu, tó jẹ́ 3.8 mm lórí Powermax45. Ibẹ̀ ló ti ń tanná tó sì ń dá irin lu, kí irin yíyọ́ tó ń ta sókè má baà bà á lẹ́nu. Bí irin bá ti lu já, á sọ̀kalẹ̀ sí 1.5 mm, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Láti ìgbà náà, fọ́ltéèjì ló kù tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ pílásímà kì í jẹ́ kí áńpù yí padà. Bí iná tó wà láàrin tọ́ọ̀ṣì àti irin bá gùn sí i, fọ́ltéèjì ló ń lọ sókè, bó bá kúrú, a wálẹ̀. Lórí ẹ̀rọ 45 áńpù, fọ́ltéèjì yìí sábà máa ń wà láàrin 120 sí 150, ìyàtọ̀ fọ́ltì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 0.1 mm. THC ń ka nọ́ńbà yìí léraléra, ó ń fi wé èyí tí wọ́n fún un, ó sì ń yí mọ́tọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Irú fọ́ltéèjì bẹ́ẹ̀ lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́, torí náà wọ́n máa ń dín in kù kó tó dé ibẹ̀, bíi kí wọ́n fi 50 pín in. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń fi iná alágbára gíga ta iná àkọ́kọ́ a tún máa da kọ̀ǹpútà láàmú. Ó yẹ kí wáyà rẹ̀ jìnnà sí ti kọ̀ǹpútà, kí áàsì sì múlẹ̀ dáadáa.

Ní igun, tọ́ọ̀ṣì máa ń dín ìyára kù. Iná á wá jẹ irin ju bó ṣe yẹ lọ, ojú gígé á fẹ̀, fọ́ltéèjì á gòkè. THC á rò pé tọ́ọ̀ṣì ti ga jù, á sì rì í wọ inú irin. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí tọ́ọ̀ṣì bá kọjá lórí ibi tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti THC pa bí ìyára bá ti wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan, tí wọ́n á sì tún ṣí i lẹ́yìn igun.

Jíjẹ ẹlẹ́kítíródì

Ẹni tó bá ń lo tábìlì yìí lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ fojú fo apá yìí. Ègé irin kékeré kan tó ń jẹ́ háfíníọ̀mù wà ní ẹnu ẹlẹ́kítíródì inú tọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni iná ti ń jáde. Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tanná, ihò rẹ̀ sì ń jìn sí i. Bí ihò bá ti jìn, iná gùn láti inú, fọ́ltéèjì gòkè, bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò kúrò níbi tó wà. THC tí wọ́n fi nọ́ńbà àná sí á máa sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ irin, títí yóò fi fara kàn án. Afẹ́fẹ́ tí omi wà nínú rẹ̀ ń mú kí ẹlẹ́kítíródì tètè jẹ, èyí sì wọ́pọ̀ nígbà òjò níbi tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò ti ní ohun tó ń yọ omi.

Àríyànjiyàn wà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi nọ́ńbà inú ìwé ẹ̀rọ sí i, kí wọ́n máa fi ọwọ́ sún un sókè bí ẹlẹ́kítíródì bá ti ń jẹ. Àwọn mìíràn ní kí THC fúnra rẹ̀ wọn fọ́ltéèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ gígé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí tọ́ọ̀ṣì ṣì wà ní gíga tó tọ́, kó sì di ohun tó bá kà mú. Ọ̀nà kejì yìí jọ pé ó sàn fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Síbẹ̀, bó bá ṣì ojú irin wọ̀n, tàbí tó wọn fọ́ltéèjì kí tọ́ọ̀ṣì tó yára tó, àṣìṣe náà ni yóò dì mú títí dé òpin gígé ọ̀hún. Fún ihò kéékèèké, tí gígé wọn kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ máa ń pa THC pátápátá.

Iná jẹnẹrétọ̀

Níbi tí iná BEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná, kì í ti dúró déédéé, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iṣẹ́. Powermax45 ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó tó 12.5 kW kó tó lè lo gbogbo agbára rẹ̀. Lórí èyí tó kéré, iná á kú bí tọ́ọ̀ṣì bá ga, torí bí iná bá ṣe gùn tó ni agbára tó ń fà ṣe ń pọ̀ tó. THC tó ń jẹ́ kí àlàfo kúrú ń bá jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé ẹrù.

Ìtàn

Robert Gage ti Union Carbide gba ìwé àṣẹ lórí tọ́ọ̀ṣì pílásímà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1957. Ní 1952 ni yunifásítì MIT ti fi ẹ̀rọ tí nọ́ńbà ń darí, èyí tí CNC ti wá, han ayé. Dick Couch àti Bob Dean dá Hypertherm sílẹ̀ ní 1968. Lóde òní, LinuxCNC, ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní owó nínú, ní apá kan tó ń jẹ́ QtPlasmaC, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ THC tí a kà sókè yìí. Ní ìhà tiwa, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1980, ilé-ìwádìí EMDI tó wà lábẹ́ àjọ ìjọba NASENI sì wà ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ní gúúsù Èkìtì ló ṣì ń fi dísìkì àti gáàsì gé irin. Ẹni tó bá fẹ́ ra tábìlì nínú wọn, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá THC wà lára rẹ̀, irú ọ̀nà wo ló fi ń mọ ojú irin, àti bóyá wọ́n lè ti í pa ní igun, kó tó béèrè bí tábìlì ṣe fẹ̀ tó.