Ọlọ́dẹ inú fóònù: bí Linux ṣe ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn onílé a máa gba ọlọ́dẹ tí yóò ṣọ́ àdúgbò lóru. Wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì mọ géètì tí yóò dúró sí, nítorí ewu ń bẹ bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá gbé tọ́ọ̀ṣì dání, tó ní ọlọ́dẹ lòun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú fóònù Android tí àwọn ọlọ́jà fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Iṣẹ́ ọlọ́dẹ náà

Kókó tó ń darí Android ni kernel Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991. Áàpù kankan kò lè ṣí fáìlì tàbí kí ó ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba ọwọ́ kernel yìí kọjá. Ojú ọ̀nà wọ̀nyí ni wọ́n ṣe géètì sí. Kernel yóò kọ́kọ́ wo òfin tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bi àwọn ọlọ́dẹ tó forúkọ sílẹ̀ léèrè. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Bí ìforúkọsílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 2001, àjọ NSA ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọlọ́dẹ tirẹ̀, SELinux, wá síwájú àwọn tó ń ṣe Linux. Torvalds kò fẹ́ so kernel mọ́ ọlọ́dẹ kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n ṣe géètì tí èyíkéyìí lè dúró sí. Ètò náà, tó ń jẹ́ Linux Security Modules, jáde pẹ̀lú Linux 2.6 ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Smack dé lọ́dún 2008, TOMOYO lọ́dún 2009, AppArmor lọ́dún 2010.

Níbẹ̀rẹ̀, ọlọ́dẹ lè dé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti tàn, kí ó sì forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan wá ń fi ọ̀nà náà ṣe ohun tí wọn kò torí rẹ̀ là á. Linux 2.6.24, tó jáde ní oṣù Kínní ọdún 2008, ti ọ̀nà yìí pa: láti ìgbà náà, inú kernel fúnra rẹ̀ ni ọlọ́dẹ gbọ́dọ̀ ti wá, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn ni yóò sì forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún 2015, iṣẹ́ Casey Schaufler nínú Linux 4.2 jẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ kéékèèké lè tò pọ̀ mọ́ ọ̀gá kan.

Mímọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́

Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, ó di dandan láti mọ̀ wọ́n. Láti Linux 4.11 ti ọdún 2017, orúkọ wọn wà nínú fáìlì /sys/kernel/security/lsm. Linux 6.8, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: SELinux ni 101, AppArmor ni 104. Áàpù lè bi kernel léèrè tààrà pé ta ló wà níbẹ̀.

Ohun tó kan olówó fóònù

Android 4.3 ti ọdún 2013 ló kọ́kọ́ lo SELinux, ṣùgbọ́n wíwò àti kíkọ sílẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Láti Android 5.0 ti ọdún 2014 ló ti ń dá áàpù dúró ní tòótọ́.

Àwọn kan a máa ní kí alátùn-únṣe tú fóònù wọn kúrò lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní root. Àwọn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é a máa dá SELinux padà sí wíwò lásán. Orúkọ ọlọ́dẹ ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò lè dá olè dúró mọ́.

Ẹni tó bá ra fóònù tòkunbọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, ó wà lábẹ́ About phone, ní Software information, níbi tí wọ́n kọ SE for Android status sí. Bí ó bá jẹ́ Enforcing, ọlọ́dẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ Permissive, kí onítọ̀hún má ṣe tẹ nọ́ńbà àṣírí báńkì rẹ̀ sí i títí wọn yóò fi dá ètò àtilẹ̀wá fóònù náà padà.